Ọ̀bọ ń wọ ilé ìdáná wa ní Dawaki. Kí la lè ṣe tí kò ní já sí pípa?

Ìyá Tóbi, Dawaki · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí dá mi lóhùn.

Ìdí àpáta la kọ́lé sí ní Dawaki, ní Abuja níbí, ọdún kẹfà rèé. Látìgbà tí a ti débẹ̀ la ti ń rí ọ̀bọ lókè níbẹ̀. Wọn ò yọ wá lẹ́nu, àwa náà ò yọ wọ́n lẹ́nu. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ni ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ wá sórí fẹ́ǹsì wa, ọmọ ẹ̀ dì mọ́ ọn níkùn. Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì sí i. Lọ́jọ́ kejì wọ́n di mẹ́ta. Ọkọ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ju búrẹ́dì sí wọn láràárọ̀, àwọn ọmọ á máa pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo se mọ́ín-mọ́ín eléwé, mo kó o sílẹ̀ kó tutù, mo yà sí yàrá. Nígbà tí mo máa padà, ọ̀bọ kan ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì. Ó mú mọ́ín-mọ́ín kan dání, ó ń ṣí ewé ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí èèyàn ṣe ń ṣí i, kò ya á. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo pariwo, kò sá. Ìgbà tí Tóbi, ọmọ ọdún mẹ́rin, sáré wọlé ló fi eyín hàn án, ó kó méjì míì, ó gba ojú fèrèsé jáde. Láti igun kan ló ti ya nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ọ̀hún wọlé.

Ọmọ mi ò fẹ́ dá sùn mọ́. Ọkọ mi ní òun á pe ọdẹ kan láti Bwari kó wá yìnbọn pa gbogbo wọn. Ọkàn mi ò gbà á, ìyá tó gbé ọmọ mọ́kùn yẹn ni mo ń rò. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n bù mí lọ́mọ jẹ náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ọ̀fà, Kubwa · 9:31 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ wá ajá gidi méjì, kí ẹ sì ra kànnàkànnà fún máígádì yín. Ẹran tó bá jẹ òkúta lẹ́ẹ̀mejì á mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ilé ìjẹun. Mi ò dá ọkọ yín lẹ́bi o, ọmọ lẹ ń tọ́.

Alájá Gwarinpa · 9:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ọ̀fà, ẹ má bínú, mo ti dán méjèèjì wò.

Àwọn ọ̀bọ ò bá ajá mi jà nílẹ̀. Orí igi dòǹgóyárò ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń mi ẹ̀ka, ajá ń gbó títí ohùn ẹ̀ fi há. Ìgbà tó ti rẹ̀ ẹ́ ni akọ ńlá kan bọ́ sílẹ̀ lójijì, ó gé e jẹ létí. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko la ti lọ rán an.

Ti kànnàkànnà: máígádì wa mọ̀ ọ́n ta dáadáa. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti dá aṣọ tó ń wọ̀ mọ̀. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n á sá. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tó lọ kírun, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣọ́ ọ fún Jímọ̀ mẹ́rin, wọn ò yẹ̀ ẹ́ rí.

Kí n tètè sọ èyí kí ẹnì kan tó dá a lábàá: ẹ má lo májèlé. Ẹnì kan ní àdúgbò wa fi oògùn apakòkòrò sínú búrẹ́dì. Adìyẹ mẹ́rin ìyá tó ń ta kòsé níta ló kú, àti ajá ẹlòmíì. Ọ̀bọ kankan ò kú.

Ará Durango, Lugbe · 11:20 alẹ́

Ìyá Tóbi, ẹ kú ìfaradà mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, torí mo ti gbé nínú irú ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Béárì ni tiwa níbẹ̀. Durango ni mo ti ṣiṣẹ́, ìlú kékeré kan láàárín òkè ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, kí n tó padà wá sí Abuja. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí béárì ṣe ń di ará ìlú, torí ọ̀nà kan náà ni àwọn ọ̀bọ yín ń tọ̀.

Béárì dúdú tó wà níbẹ̀ kì í wá èèyàn kiri láti jẹ. Koríko, kòkòrò, èso wẹ́wẹ́ àti kóró igi ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ ẹ̀. Tí ìgbà òtútù bá ń bọ̀, dandan ni kó sanra, torí ó fẹ́ wọ ihò lọ fi oṣù mélòó kan sùn láìjẹ, láìmu. Lásìkò yẹn, béárì kan lè jẹ oúnjẹ tó tó 20,000 kálórì lóòjọ́, ìyẹn oúnjẹ àgbàlagbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Kó tó rí ìyẹn nínú igbó, á fi ọ̀pọ̀ wákàtí ká èso níkọ̀ọ̀kan. Nínú dọ́sìbìn ẹyọ kan lẹ́yìn ilé, adìyẹ díndín wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀, ìrẹsì àná wà níbẹ̀. Imú ẹ̀ sì ń gbóòórùn láti ọ̀nà jíjìn. Ibo lẹ rò pé ó máa lọ?

Bí wọ́n ṣe ń tún ìgbé ayé wọn tò nítorí wa ló yà mí lẹ́nu jù. Béárì inú igbó máa ń jẹun lójúmọmọ. Èyí tó bá ti mọ ìlú á sọ ara ẹ̀ di ẹran òru, á jẹ́ kí ilẹ̀kùn tì, kí iná kú, kó tó jáde. Àwọn onímọ̀ tó tọpa béárì ní Nevada, lágbègbè adágún Tahoe, rí i pé àwọn tó ń jẹ ìdọ̀tí ìlú fi nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wúwo ju ti inú igbó lọ, àti pé ọjọ́ tí wọ́n ń lò nínú ihò kò pọ̀ tó tàwọn yẹn. Ẹni tí oúnjẹ ò tán lọ́dọ̀ ẹ̀, kí ló fẹ́ lọ sùn ṣe? Ìyá ló sì ń kọ́ ọmọ. Ọmọ béárì máa ń tẹ̀lé ìyá ẹ̀ fún bí ọdún kan àbọ̀. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé tí ìyá bá mú un dé, òun náà á fi jogún.

Lóru ọjọ́ kan, aago méjì ti kọjá díẹ̀, mo gbọ́ tí nǹkan ń dún níta. Mo yọjú lójú fèrèsé. Béárì ló dúró ti ọkọ̀ aládùúgbò mi. Ó na ọwọ́ kan, ó fi èékánná kọ́ ìdímú ilẹ̀kùn, ó fà á, ilẹ̀kùn ṣí. Kò fọ́ gíláàsì kankan. Ó wọ ìjókòó ẹ̀yìn, ọkọ̀ ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Ohun tó wá gbà ò ju ọ̀rá gúgúrú kan tí àwọn ọmọ gbàgbé síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àmì imú ẹ̀ ṣì wà lára gíláàsì, ó rí roboto, itọ́ ti gbẹ yí i ká.

Wọ́n ṣe nǹkan kan ní ìlú yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Àwọn olùwádìí pín ike ìdọ̀tí 1,110 tí béárì ò lè ṣí fún àwọn ilé ní apá méjì ìlú, wọ́n fi àwọn apá míì sílẹ̀ bó ṣe wà. Níbi tí wọ́n pín in sí, wàhálà béárì nídìí ìdọ̀tí fi ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ibi tí wọn ò pín in dé. Wọn ò yìnbọn kí ìyẹn tó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ike yẹn ò wúlò tí èèyàn ò bá tì í. Àwọn kan máa ń rọ ìdọ̀tí kún un títí ìdérí ò fi ní pa dé, béárì á sì jẹun níbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo máa ṣe rèé tó bá jẹ́ ilé mi. Oúnjẹ tí ẹ ń fọwọ́ jù sí wọn á dúró lónìí, ẹ má dín in kù díẹ̀díẹ̀, ẹ dá a dúró pátápátá. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ò lè dá ọ̀bọ dúró, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà bá yín fi nẹ́ẹ̀tì onírin sójú fèrèsé ilé ìdáná. Dọ́sìbìn gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó ní ìkọ́. Ìdọ̀tí ò gbọdọ̀ sùn síta, àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń bọ̀ ni kí ẹ gbé e jáde. Ní Durango, inú fíríìsà la máa ń fi egungun àti awọ ẹja sí títí di ọjọ́ yẹn. Níhìn-ín tí iná ò dúró, ẹ kó o fún ẹni tó ní ajá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tàbí kí ẹ sin ín kó jìn dáadáa.

Ẹ múra sílẹ̀ o: ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹran tó ti mọ́ lára láti jẹun níbì kan, tí kò bá rí i mọ́, kì í kọ́kọ́ lọ. Á fà, á já, á gbọn nǹkan jìgìjìgì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń juwọ́ sílẹ̀, wọ́n á ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sí i kó lè gbà wọ́n láyè. Ẹ ti kọ́ ọ nìyẹn pé tó bá fagídí tó, á jẹ.

Gbogbo òpópónà ló sì gbọ́dọ̀ ṣe é pọ̀. Ilé yín nìkan ò tó.

Ẹ̀bùn, Nyanya · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún àlàyé yìí. Béárì tí mo mọ̀ ò ju abo méjì tó jáde nínú igbó nígbà Èlíṣà lọ, àwọn tó fa ọmọ méjìlélógójì ya. Ìbẹ̀rù yẹn ló ti wà lọ́kàn mi láti kékeré. Mi ò mọ̀ pé ó lè máa gbé láàárín ilé èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí wọn ò kàn kó wọn lọ síbi tó jìnnà? Ṣé a ò lè kó ọ̀bọ Dawaki lọ sí Yankari, igbó ẹranko ìjọba ní ìpínlẹ̀ Bauchi?

Ará Durango, Lugbe · 7:40 àárọ̀

Wọ́n ń kó wọn, àbúrò mi. Béárì mọ ọ̀nà ilé, ọ̀pọ̀ tí wọ́n bá gbé lọ ló máa ń rìn padà, àwọn míì á sì lọ wá ìlú mìíràn tí dọ́sìbìn wà. Ní Colorado, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tẹ̀lé ìlànà pé béárì tó bá kọ́kọ́ fa wàhálà, wọ́n á fi àmì sí i létí, wọ́n á gbé e lọ. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, pípa ni. Èyí tí wọ́n pa nítòsí wa ní àmì létí. Ìyá arúgbó tó ń da kóró oúnjẹ ẹyẹ sílẹ̀ fún un lẹ́yìnkùlé ló sunkún jù lọ́jọ́ náà, mo sì bá a sunkún.

Ẹ tún gbọ́ èyí, kí Bàbá Tóbi náà gbọ́ ọ. Ní South Lake Tahoe ní California, ní 2022, gbogbo ìlú ń pariwo béárì kan tí wọ́n sọ ní Hank the Tank. Wọ́n ní ó wúwo tó 225 kílò, wọ́n ní òun nìkan ló ń fọ́ ilé kiri. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA wò, ó kéré tán béárì mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀. Èyí tí wọ́n wá mú nínú wọn ní oṣù kẹjọ 2023, abo ni, ọmọ mẹ́ta ló ń tẹ̀lé e. Ọdẹ tó bá ti Bwari wá, báwo ló ṣe máa mọ èyí tó jẹ mọ́ín-mọ́ín?

Awakọ̀ Bauchi · 8:22 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn wá sí Yankari. Bauchi ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé àlejò lọ síbẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ gan-an ti tó.

Àwọn ọ̀bọ ńlá ibẹ̀, tí àwọn Hausa ń pè ní gwaggon biri, ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ omi Wikki, níbi tí omi ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán-tòru. Àlejò á wẹ̀ tán, á jáde, á ṣí oúnjẹ. Ìró ọ̀rá tó ń dún fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ nìkan ti tó, wọ́n á ti dìde. Wọ́n mọ yàrá tí wọn ò ti ìlẹ̀kùn ẹ̀. Wọ́n mọ ọkọ̀ tí gíláàsì ẹ̀ wà nílẹ̀. Ọwọ́ obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ já nǹkan gbà, torí wọ́n ti rí i pé ìwọ̀nyẹn ló máa ń tètè ju nǹkan sílẹ̀.

Àwọn tó kọ́ wọn ni àwọn tó ń ju bisikíìtì sí wọn kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ẹni tó jù ú ti padà sí Jos, ẹni tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ń já àpò gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ pé àtifún ọ̀bọ lómi mu ò ṣòro, bí a ó ṣe gba ife padà ni ìṣòro. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí ife yẹn lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Tóbi, ẹ kọ́ Tóbi ní nǹkan wọ̀nyí. Kó má wo ọ̀bọ lójú. Kó má rẹ́rìn-ín sí i kí eyín ẹ̀ hàn, torí lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ṣí eyín ń wá ìjà. Kó má sáré. Kó máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, kó pe àgbà. Tí ọ̀bọ bá sì di nǹkan mú lọ́wọ́ ẹ̀, kó fi sílẹ̀ fún un. Búrẹ́dì ò tó nǹkan tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ gba eyín sára.

Àgbẹ̀ Kuje · 1:10 ọ̀sán

Mo ti ń kà láti àárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé lè ṣàánú ọ̀bọ. Èmi, àgbàdo mi ni. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀bá odò ni mo gbìn sí. Wọ́n wọ ibẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Wọn kì í jẹ ẹ́ tán o, wọ́n á bu ẹnu lu ọ̀kan, wọ́n á jù ú sílẹ̀, wọ́n á ya òmíràn. Owó ilé ìwé ọmọ mi ló wà nínú oko yẹn, ó dùn mí dọ́kàn.

Mo fi igi ṣe ère, mo wọ̀ ọ́ láṣọ, mo dé e ní fìlà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, ọ̀bọ kan jókòó lé èjìká ẹ̀, ó ń bó àgbàdo.

Ohun tó wá ràn mí lọ́wọ́ rèé. Mo ṣán igbó tó wà láàárín oko àti odò, ó fẹ̀ tó ogún ìṣísẹ̀. Ọ̀bọ kì í fẹ́ gba ibi tó tẹ́jú kọjá, torí kò sí igi tó lè sá gùn. Mo gbin ata yí oko ká, àgbàdo wà láàárín. Wọn kì í jẹ ata. Àwọn ọmọ mi sì ń ṣọ́ oko láàárọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, torí ìgbà méjì yẹn ni wọ́n ń jáde jù. Mo ṣì pàdánù díẹ̀, ṣùgbọ́n mo kórè.

Kí n sọ òótọ́ kan tó ń jẹ mí lọ́kàn. Igi emi àti igi igbá pọ̀ lẹ́bàá odò yẹn nígbà tí mo débẹ̀, èso wọn làwọn ọ̀bọ yẹn ń jẹ. Wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀ fi ṣe èédú. Èmi náà ra nínú èédú yẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Wuse · 6:45 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìlera, torí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́ délẹ̀.

Tí ọ̀bọ, ajá tàbí ológbò bá bu èèyàn jẹ, tàbí tó ya á lára, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ wo aago, torí ìṣẹ́jú 15 pẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ má fi epo rọ̀bì sí i, ẹ má fi ata sí i. Lẹ́yìn náà kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n wò ó bóyá abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ti ipá (tetanus) yẹ. Àìsàn dìgbòlugi, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára èèyàn, ó ti bọ́ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gbà kó tó hàn ló ń gba ẹ̀mí là. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn tí ó ti pẹ́ jù. Mi ò fẹ́ rí òmíràn mọ́.

Èkejì ni pé ìdọ̀tí tó ń pe ọ̀bọ, ó ń pe èkúté, èkúté náà á sì pe ejò wọlé. Èkúté ló ń gbé ibà Lassa, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀ lórí oúnjẹ ló ń kó o ran èèyàn. Lassa tí ẹ ń gbọ́ yẹn, orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àìsàn náà mọ̀ ní 1969. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilé òun ti dára ju èkúté lọ. Ní oṣù kẹjọ 2017, agbẹnusọ Ààrẹ Buhari fúnra ẹ̀ ló sọ fún aráyé pé èkúté ti ba ọ́fíìsì Ààrẹ jẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta tó fi wà ní London. Bí ògiri bá ti lanu, aláǹgbá á wọ ibẹ̀, ì báà jẹ́ Àsó Rọ́ọ̀kì.

Tí ejò bá bu èèyàn jẹ, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Kí ẹni náà má rìn, kí ẹ má jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ yẹn máa mì, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ̀bùn, Nyanya · 8:30 alẹ́

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Jàpáànì lọ́rọ̀ béárì yìí. Ó ní ní ìpínlẹ̀ Akita, ní oṣù kọkànlá 2025, àwọn sójà ni ìjọba rán lọ bá wọn gbé pàkúté, torí béárì ti ń wọ ìlú gan-an, ó sì ti pa èèyàn lọ́dún yẹn. Kóró igi tó ń jẹ nínú òkè ò so dáadáa. Àwọn abúlé ẹsẹ̀ òkè sì ti ṣófo, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Tokyo, àwọn arúgbó ló kù. Igi èso wà lẹ́yìnkùlé, kò sí ẹni tó máa ká a. Béárì ló ń wá ká a.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, mo jókòó síbẹ̀, mo ń rò ó. Tiwọn, èèyàn kúrò níbẹ̀, ẹranko wọlé. Tiwa, àwa la wọlé tọ ẹranko. Kí wọ́n tó kó olú ìlú wá síbí ní 1991, àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ yìí àti àwọn ọ̀bọ orí àpáta ti jọ wà tipẹ́.

Ará Durango, Lugbe · 8:52 alẹ́

Ọ̀rọ̀ igi èso tí Ẹ̀bùn sọ yìí ṣe pàtàkì, mo gbàgbé ẹ̀ ni. Ní Durango, àwọn èèyàn kan máa ń lọ láti ilé dé ilé láti ká ápù fún ẹni tí kò lè gun igi mọ́, kí béárì má bàa dé ibẹ̀ ṣáájú. Ìyá Tóbi, ẹ wò ó bóyá igi máńgòrò wà ní òpópónà yín.

Ìyá Tóbi, Dawaki · Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 8:15 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Ọkọ mi ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ọ̀rọ̀ béárì mẹ́ta tí wọ́n pè ní ẹyọ kan ló mú un dákẹ́. Kò pe ọdẹ mọ́. Wẹ́dà fi nẹ́ẹ̀tì onírin sí fèrèsé, a kan ìkọ́ mọ́ ìdérí dọ́sìbìn. A pe ẹgbẹ́ onílé, ilé mọ́kànlá ló wà ní òpópónà wa, mẹ́wàá gbà lọ́jọ́ náà. A tún bá baban bola, ẹni tó ń ṣa nǹkan nínú ìdọ̀tí wa, sọ̀rọ̀ pé kó má tú ọ̀rá ìdọ̀tí sílẹ̀ níta mọ́. A ń ya ike àti agolo sọ́tọ̀ fún un báyìí, ó sì dùn mọ́ ọn.

Ará Durango, òótọ́ lẹ sọ nípa ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Wọ́n fa nẹ́ẹ̀tì yẹn débi pé a ò lè sùn àárọ̀. Ọ̀kan gbé dọ́sìbìn ṣubú, ó ń yí i kiri inú ọgbà. Ọjọ́ kẹjọ, ọwọ́ mi ti wà lára ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rántí ohun tí ẹ kọ, mo fi sílẹ̀, mo wọ yàrá lọ ti ìlẹ̀kùn.

Ilé kọkànlá ló ṣòro. Bàbá kan ló ń gbébẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó ẹ̀ kú lọ́dún kejì sẹ́yìn. Òun náà ti ń fún àwọn ọ̀bọ yẹn lóúnjẹ nírọ̀lẹ́, ó pẹ́ ju tiwa lọ. Àwọn onílé fẹ́ kọ lẹ́tà sí i. Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè. Mo lọ, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ fún un pé èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, mo sọ bí ọ̀bọ ṣe fi eyín han Tóbi. Bàbá ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ìgbà yẹn nìkan ni mò ń gbọ́ ìró nínú ọgbà yìí." Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ.

Láti ọjọ́ yẹn, tó bá di aago márùn-ún, mo ń mú Tóbi àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Wọ́n á jókòó sí bàrándà pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n á máa wo ọ̀bọ lórí àpáta láti ọ̀ọ́kán. Bàbá ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka iye wọn. Mẹ́tàdínlógún ni, tí a bá ka àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Tóbi ti ń dá sùn ní yàrá ẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì.

Láàárọ̀ yìí, ìyá tó gbé ọmọ yẹn wá. Ó dá wá. Ó fọwọ́ kan nẹ́ẹ̀tì onírin, kò fà á. Ó lọ sídìí dọ́sìbìn, ó fi ìka kan gbé ìkọ́ yẹn wò, ó tún gbé e wò, ó jókòó tì í. Ọmọ ẹ̀ ti dàgbà, ẹ̀yìn ló ń gùn báyìí. Mo dúró sínú ilé, mi ò mira. Nígbà tó yá, ó dìde, ó gba orí fẹ́ǹsì, ó gun àpáta lọ.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Igi máńgòrò ńlá méjì wà nínú ọgbà Bàbá, wọ́n ti so, ó sì ń tóbi. Tó bá pọ́n sórí igi, gbogbo iṣẹ́ wa ti bàjẹ́ nìyẹn. Bàbá ò lè gùn ún, ọkọ mi ò mọ igi í gùn. Ẹ̀yin ará Dawaki, Kubwa àti Dutse, ta ló mọ ọmọkùnrin tó lè wá bá wa ká a bó bá ṣe ń gbó? Bàbá ní kó kó ìdajì lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ Ọ̀fà, Kubwa · 8:27 alẹ́

Mà, mo mọ igi í gùn dáadáa. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú àbúrò mi, a máa mú àkàbà àti àpò wá.